Àmín Tí Kọ̀ǹpútà Kà Mọ́ Ìdùnnú

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tí omi òjò ti wọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ọ́fíìsì tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ire-Akari. Yàrá méjì péré ni, kọ̀ǹpútà wa sì máa ń gbóná bíi pé a fẹ́ fi yan ẹ̀pà. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó ríṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ẹ̀rù pé wọ́n lè lé mi sì ń bà mí lójoojúmọ́, àní lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi bá rẹ́rìn-ín sí mi pàápàá.

Iṣẹ́ mi ni láti kó ọ̀rọ̀ olóṣèlú sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè sọ fún wa bóyá ìdùnnú ló kún inú rẹ̀ tàbí ìbínú. Àwọn méjì tó ń du ipò alága kánsù la fi wéra: alága tó wà lórí oyè, tó sọ̀rọ̀ ní Èjìgbò, àti ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ̀rọ̀ ní Ṣógúnlé. Kọ̀ǹpútà ní ìdùnnú ni ti alága, ìbínú ni ti olùkọ́. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́, torí àwọn èèyàn alága ló gbéṣẹ́ náà wá. Ó ní kí n kọ ìwé pé inú aráàlú dùn sí alága, kí n sì fi orúkọ mi sí i.

Mo tún fi ohùn alága tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Èjìgbò sétí. Àdúrà ni alága ń gbà ṣáá.

“Àgbàrá ò ní gbé yín lọ o!”

“Àmín!” ni èrò ń dáhùn. Àmín yìí ni kọ̀ǹpútà kà sí ìdùnnú.

Gọ́tà tí alága fúnra rẹ̀ kò gbẹ́ ló ń jẹ́ kí àgbàrá wọlé. Èmi àti ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa náà ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ omi ti ba ìdajì bàtà ọmọléèwé tí ìyá mi ń tà jẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo bi í pé, “Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe àmín fún ọkùnrin yẹn?”

Ó pòṣé. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé kí àgbàrá gbé wa lọ ni? Èèyàn kì í kọ àdúrà nítorí ẹnu tó ti jáde. Ọlọ́run ni mo ṣe àmín fún. Ìbò mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.”

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ gbogbo àdúrà àti àmín kúrò. Ìkíni nìkan ló kù nínú ọ̀rọ̀ alága. Ti olùkọ́ ò dín rárá: orúkọ àdúgbò, gọ́tà tó dí, ilé ìwé tó ń jò.

Ọ̀gá mi ní, “Dá a padà. Ṣebí ẹnu èèyàn ni àmín náà ti jáde?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tèmi náà wà níbẹ̀. Mi ò ṣe é fún alága.”

“Ọmọ yìí, ṣó o mọ iye èèyàn tó ń wá iṣẹ́ ẹ yìí?”

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi kì í ṣe akíkanjú, ọ̀rẹ́ mi. Omijé ti lé sí mi lójú, ojú sì ń tì mí pé ó lé síbẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, “Ẹ lè kọ ọ́, sà, àmọ́ orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀.”

Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ. Mo sunkún délé, ṣùgbọ́n mi ò padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Títí dòní, bí olóṣèlú bá gbàdúrà níwájú mi, mo máa ń ṣe àmín, kíkankíkan pàápàá, torí mo ṣì ń bẹ̀rù àgbàrá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú mi, kó wá bi mí.