Ohun Tí Làálì Bò Lọ́wọ́ Sìlífátù

Ẹni tó bá gbé Agége nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì lọ sí Kánò, á mọ iṣẹ́ tí Sìlífátù ń ṣe. Òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ a jókòó yí agbada omi ká. Wọ́n á rẹ obì sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò bó èèpo rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Ọwọ́ Sìlífátù yá débi pé òun ni àwọn Háúsá oníṣòwò obì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun dára, kì í sì í fi bò.

Ọwọ́ yìí ni ọkọ rẹ̀, Làsísì, fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti jọ wá. Lébìrà ni Làsísì ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tú igbó láti kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun. Kò lágbára ẹ̀gbà wúrà, ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti parí, á yà sọ́dọ̀ àwọn Háúsá lẹ́yìn réluwéè, á ra làálì wálé. Sìlífátù á lé e sí èékánná títí yóò fi dúdú. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò sẹ́ni tó rí èékánná rẹ̀ lásán.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún kan ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ omi obì ní òwúrọ̀, ó sì figbe ta. Ó dà bíi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un nídìí èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, omi tútù di ọ̀tá rẹ̀. Bí etí aṣọ bá ṣèèṣì kan èékánná náà, omijé á bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní àkàndùn ni. Àkàndùn wo ni kì í wú, tí kì í sì í ní ọyún? Ó mu hàntú, omi tí àlùfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, ó gba abẹ́rẹ́ ní dìsìpẹ́ńsárì, ó sì dé ọsibítù ńlá kan l'Ékòó. Wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, wọ́n ní eegun dára. Dókítà ibẹ̀ wo èékánná dúdú náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin àti làálì yín! Ẹ lọ sinmi, Màmá."

Sinmi kẹ̀? Sìlífátù fi obì bíbó sílẹ̀ tipátipá. Wọ́n sọ fún un pé làálì a máa dín ìrora kù, ló bá tún ń lé e nípọn sí i. Àlùwàlá àárọ̀ sì di ìjà nínú ilé, nítorí pé àfìgbà tí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ ló tó lè fọwọ́ kàn án. Láídé, ìyàwó kékeré, ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìyáálé òun ti rí ọgbọ́n dá.

Làsísì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà sú u.

"Ìyá Nùréènì, mo wo ọwọ́ yìí títí, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá sú ẹ, sọ pé ó sú ẹ."

"Bàbá Nùréènì, mo fi Ọlọ́run búra, ó ń dùn mí."

"Má fi Ọlọ́run búra."

Wọ́n ní ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n Sìlífátù ò sọ ọ́ mọ́. Kò bẹ Ọlọ́run pé kó wo òun sàn mọ́ pàápàá. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ ni kí Làsísì gba òun gbọ́. Bí inú ọkùnrin náà sì ti ń bí i tó, kò yé ra làálì. Ìyẹn nìkan ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ní àkókò òjò, Làsísì ti Ìkẹjà dé pẹ̀lú ibà. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Láídé ti lọ wá oògùn, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá.

"Sìlífá," ó pè é, ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀, "fi omi tútù nù mí lójú."

Sìlífátù sáré bu omi. Ó ti táwẹ̀lì bọ̀ ọ́, ó fún eyín pọ̀, ó ní bí omi náà bá máa gé ọwọ́ òun, kó gé e. Ìrora gbé e. Abọ́ já bọ́, omi dà sórí ẹní. Làsísì lajú, ó wò ó.

"Títí di òní, Sìlífá?"

Ó kọjú sí ògiri. Láídé ló wọlé tó mú táwẹ̀lì nílẹ̀. Làsísì kò bá ìyáálé ilé sọ̀rọ̀ mìíràn títí ó fi kú, kí wọ́n tó pe ìrun àsárì.

Àwọn ìyàwó méjèèjì jókòó sí tákàbà. Opó kì í lé tìróò, kì í lé làálì. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, èékánná ń hù, dúdú náà ń sún lọ sókè, Sìlífátù sì ń gé e dànù. Lọ́jọ́ kan, Láídé ń bu omi àlùwàlá fún un, ó ṣàdéédé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyáálé mi, kí lèyí?"

Àmì kan wà nídìí èékánná àtàǹpàkò náà, ó kéré, ó dà bí ẹ̀kán aró. Sìlífátù gbé àtàǹpàkò náà sún mọ́ ojú. Láídé bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi náà sọ̀rọ̀ yín."

Òun ló mú un padà sí ọsibítù. Dókítà tí wọ́n bá lọ́tẹ̀ yìí ni Oyèdìran, ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó fi orí abẹ́rẹ́ tẹ èékánná náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, kò dùn ún. Ó fi kan ojú àmì náà, Sìlífátù fò dìde lórí àga.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í pààyàn. Kókó kan ló hù láàárín àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ èékánná. Kò wọ́pọ̀. Bí òtútù bá kàn án, ìrora rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tó bá ní in, kì í ṣe irọ́ ló ń pa."

"Ẹ tún un sọ, dókítà."

"Kì í ṣe irọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n báwo ni wọn ò ṣe rí i látọjọ́ yìí? Ó hàn gbangba."

"Làálì ló bò ó. Ọkọ mi ló máa ń rà á fún mi."

Wọ́n gún ọwọ́ náà lábẹ́rẹ́ kí ó má bàa dùn ún, wọ́n ṣí èékánná, wọ́n yọ kókó náà. Kò tó hóró ìrẹsì. Ohun tó ba ilé jẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, tákàbà ti parí, ọyẹ́ sì ti dé. Sìlífátù lọ sídìí ìkòkò omi ní òwúrọ̀. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi í síbẹ̀. Láídé gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú yàrá, ó sáré jáde.

"Ìyáálé mi! Ṣé ó tún ti ń dùn yín ni?"

Sìlífátù ò yọ ọwọ́ náà kúrò nínú omi.

"Kò dùn mí, Láídé," ó wí. "Kò dùn mí rárá mọ́. Mi ò bá ti nu Bàbá Nùréènì lójú."