Ọmọ wa tó wó ṣọ́ọ̀bù wa

Mi ò ní lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Galadimawa, l'Ábùjá níbí, mọ́.

Ọmọ ìlú wa kan tó di ọ̀gá nínú ìjọba ló wá kí wa lónìí. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló wó ṣọ́ọ̀bù Bọ́dà Ràsákì tó ń ránṣọ.

Ràsákì dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tẹ́ ẹ wó ṣọ́ọ̀bù wa láìsọ fún wa?"

Alága wa já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ọmọ wa ni wọ́n o. Dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ àforíjì."

Ràsákì dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá ní òun ti dárí jì í. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá.

Ọmọ wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dáhùn: Ràsákì ńkọ́, ọmọ ta ni?