Díìsì Bíréèkì Méjì àti Ojú Ìyá Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe máa ń ké pe ẹlòmíràn lónìí kó wá bá mi pààrọ̀ gílóòbù iná, yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Àmọ́ èmi yìí náà ni mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ díìsì bíréèkì iwájú ọkọ̀ mi, àwo irin tó wà lẹ́yìn táyà, tọ̀tún tòsì, níwájú ilé tí a háyà ní Ìwáyà. Ayé ìgbà náà ni ìjọba pín ọjọ́ fún ọkọ̀ l'Ékòó: bí nọ́ńbà tìrẹ bá jáde lónìí, ilé ni yóò jókòó sí lọ́la.

Ìyá mi ló fà á. Ó ti fi ẹ̀rọ ránṣọ títí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí awọ funfun tó bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó fi ẹ̀rọ náà sílé wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìgò òróró kékeré tó fi ń tọ́jú rẹ̀ kò kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá tún lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun yóò padà sílé. Ilé ìwòsàn kan lápá Sùúrùlérè gbà láti ṣí awọ náà kúrò. Oṣù mẹ́jọ la fi tò kí ibùsùn kan tó kàn án: àárọ̀ Ọjọ́rú, kó ti débẹ̀ kí aago méje tó lù. Ẹni tó bá pẹ́, wọn yóò pe ẹni tó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ tí awakọ̀ kan ti gbéra nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi kan ṣì wà nílẹ̀ ni kò ti fẹ́ gbọ́ bọ́ọ̀sì tàbí takisí sétí mọ́. "Ọkọ̀ ọmọ mi ni n ó wọ̀," ó ní.

Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá tẹ bíréèkì, igbe tó ń ké, ẹ ó rò pé mò ń pa ewúrẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní Mushin wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, díìsì yìí ti jẹ tán. Ẹ ra tuntun. Àmọ́ mò ń lọ sìnkú nílé o, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ra díìsì, mo yá ìwé àtúnṣe ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ṣebí mo kàwé?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí kì í ṣe ọjọ́ ọkọ̀ mi, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé abọ́ lé itan, mo ń da nóòtì táyà sínú rẹ̀, ó ń fi ìka kà wọ́n. Bàbá onílé wa ń wò wá láti fàráńdà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ojú ìwé tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lo wà yẹn?"

"Rárá, Bàbá. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń tú u ni mo ṣì wà."

"Yáa kà á dé òpin o."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọmọ mi sílẹ̀ jàre. Láti kékeré ló ti ń tú nǹkan."

"Ṣé ó máa ń tò ó padà?"

Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka nóòtì inú abọ́.

Díìsì tuntun máa ń wá pẹ̀lú òróró lára kó má baà dípẹtà. Ìwé ní kí n fi bẹntiróòlù nù ún gbẹ, nítorí bí òróró bá ṣẹ́ kù lójú rẹ̀, páàdì tó ń fún un láti dá táyà dúró kò ní lè dì í mú. Mo nù ún títí apá fi ń ro mí.

"Kí lò ń nù tó báyìí?" ìyá mi bi mí.

Ó ti rẹ̀ mí, àlàyé yóò sì gùn. "Eruku ni, Ìyá mi."

Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ohun gbogbo ti wà nípò, ó ku táyà nìkan. Mo wọlé lọ jẹ ẹ̀bà tó ti tutù. Nígbà tí mo jáde, àpótí ìyá mi ti bọ́ sí òdìkejì ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

"Mò ń kí ọkọ̀ rẹ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti ń ṣú, n kò wo díìsì lẹ́ẹ̀kejì. Mo de táyà, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì lójú kan, ó le lẹ́sẹ̀ mi. N kò lè gbé e jáde dán wò, ọlọ́pàá wà ní ìkóríta, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe tèmi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá mi wọ aṣọ tó mọ́ jù lọ, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀. Àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ síhà ọ̀sà. Nígbà tí a sún mọ́ kọ́nà, mo tẹ bíréèkì. Kò ké. Mo yọ̀. Ọkọ̀ kò sì dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ń lọ, mo yà bàrá sínú òkìtì iyanrìn àti pákó tí ẹnì kan fẹ́ fi kọ́lé. Omi ń dà lábẹ́ ọkọ̀. Orí mi ti gbá ọwọ́ ìtukọ̀. Ìyá mi di àpò rẹ̀ mú, nǹkan kan kò ṣe é.

Bàbá onílé sáré dé. "Akọ̀wé, ojú ìwé wo nìyí?" Nígbà tó rí ìyá mi, ó pa ẹnu mọ́, ó lọ wá takisí. Ó pẹ́ kó tó rí. Ìyá mi wọ̀ ọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú títí a fi dé.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wo káàdì wa. "Bàbá kan ti wà lórí ibùsùn yẹn, Màmá. Ẹ máa lọ tò padà."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìyá mi kọjú sí i bí ẹni tó ń rí i.

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí," mo ní. "N kò mọ ohun tí mo ṣì ṣe."

"Má bú ara rẹ." Ó fa ìgò òróró ẹ̀rọ rẹ̀ yọ, ó mì ín létí. "Bóyá òróró tí mo fi sí i ni kò tó. Mo fọwọ́ kan irin rẹ lánàá, ó gbẹ bí ara inú ọyẹ́. Mo ní abájọ tó fi ń ké. Mo pa á lápá ọ̀tún, mo pa á lápá òsì. Ǹ bá má ti ṣọ́ ọ lò."

Mo wo ìgò náà. Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ó tó, Ìyá mi," mo ní. "Ó tó dáadáa."

Ó nawọ́, ó wá ibi tó wú níwájú orí mi rí. Ó da òróró tó kù sí ìka, ó sì fi pa á fún mi.