Ẹrẹ̀ Ẹsẹ̀ Katapílà

Òórùn tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ló jí mi lójú oorun ọ̀sán ní Sátidé tó kọjá. Kò sẹ́ni tó ń kun ilé o. Gbóyèga, àbígbẹ̀yìn mi, ló tún gbé àpótí rẹ̀ dé. Àgbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, tó níyàwó nílé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Alábàtà níbi tó ti ń ṣe olùkọ́, kò ní eré mìíràn ju kó máa to ọkọ̀ ogun kéékèèké pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun balẹ̀ nílé, ìyẹn ló ṣe máa ń wá sọ́dọ̀ mi, kó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ìjẹun mi, kó sì fi òórùn kún gbogbo pálọ̀.

Mo dìde lọ bá a, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà pòórá. Ó ti ṣe ara ọkọ̀ náà tán, ó ku ṣéènì rẹ̀, àwọn ẹ̀wọ̀n gbàgìdì méjì tó máa ń yí ẹsẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ká, tó fi ń rìn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ó na méjèèjì sílẹ̀, ó ń kùn wọ́n. Ó ti fi ọ̀dà dúdú kọ́kọ́ kùn wọ́n, ó wá fi fóòmù kékeré ń tọ́ àwọ̀ ìpẹtà sí i lábala, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ sí àárín àwọn oríkèé rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Màámi, ẹ wò ó. Ṣé ó jọ èyí tó ti ojú ogun bọ̀?"

Mo ní ó jọ ọ́. Mo fa àga, mo jókòó. N kò lè bá a jà mọ́, nítorí èmi náà ti fi ẹrẹ̀ sí ṣéènì rí, ẹrẹ̀ gidi, nígbà tí n kò tíì mọ gèlè wé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ kò lè mọ bí àdúgbò yẹn ṣe rí nígbà tá a wà níbẹ̀. Ilé páànù dídípẹtà ló kún ibẹ̀, ilé ń fara ti ilé, adìẹ ilé kan á sì yé ẹyin sí ilé kejì láìsí ìjà. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, yàrá méjì la sì gbà nínú agbo ilé àwọn Mùsùlùmí kan tó ń ṣòwò àdìrẹ láti ìgbà ìyá ńlá wọn. Ìkòkò aró tò yí àgbàlá ká. Òórùn ẹlú wọ gbogbo aṣọ wa. Ìyá mi a máa ṣàròyé pé bí òun bá ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, aró ni òun ń gbóòórùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí ẹran bá dé, kì í rántí òórùn kankan.

Ìyá Àgbà tó ni ilé náà a máa jókòó sórí ẹní, aṣọ funfun á wà níwájú rẹ̀, ọpọ́n ẹ̀kọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ tí à ń mu o. Ẹ̀kọ láfún tó ki ni, tó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibi tó bá yà. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ láró tán, tó gbẹ, wọ́n á fọ ẹ̀kọ náà kúrò, ibi funfun á sì yọ. Mo lè wò ó láti àárọ̀ títí wọn yóò fi pè mí jẹun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Músílíù, ọ̀rẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá, iléèwé kan náà la sì ń lọ, bàbá mi sì nà wá pa pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bàbá Músílíù ń wa katapílà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ewékorò. Lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ nílé, eruku funfun á wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀, a ó sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìkóríta kó tó yọ sí wa: "Músílíù o!" Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ Músílíù á bọ́ sílẹ̀, ì báà ṣe àwo oúnjẹ, á sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Mo máa ń jowú, kí n má parọ́. Bàbá tèmi kì í pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni ní títì. Bó bá fẹ́ pè mí, á wúkọ́.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, àwọn ṣójà ń wá ẹni tó lè wa katapílà, tí yóò máa la ọ̀nà fún wọn nínú igbó. Bàbá Músílíù bá wọn lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sílé. Òun nìyẹn nínú aṣọ ṣójà, ó dúró níwájú katapílà rẹ̀, ẹrẹ̀ sì bo ṣéènì ọkọ̀ náà tí èèyàn kò fi lè rí irin rẹ̀. Ìyá Àgbà fi fọ́tò náà há ẹ̀gbẹ́ dígí, kò sì sí àárọ̀ tí Músílíù kì í dọ̀bálẹ̀ kí i kó tó jáde lọ sí iléèwé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò jáwọ́.

Ogun parí, bàbá padà dé. Ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Gbogbo àdúgbò wá kí i: "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu, a ò ní rírú ẹ̀ mọ́." Á ní, "Àmín, ẹ ṣé," kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á kírun, á gbé àpótí ìjókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjú sí ògiri. Kò na ẹnì kankan, kò bínú sí ẹnì kankan. Kò padà sí Ewékorò. Kò sì pe orúkọ Músílíù. Bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, á nawọ́ sí ohun tó fẹ́, tàbí kó dìde lọ mú un fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ká ní sùúrù, ara ọmọ òun ló dé, ọkàn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Músílíù kò ní sùúrù náà. Ó pè mí sẹ́yìn ìkòkò aró lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Òun máa fi agolo ṣe katapílà inú fọ́tò yẹn gẹ́lẹ́. Bí bàbá òun bá rí i, á dá a mọ̀, á sì pe òun. "Á pè mí, o máa gbọ́." Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe eré, mo bá ní kó jẹ́ ká ṣe é.

Agolo mílíìkì la fi ṣe ara rẹ̀. A tẹ́ agolo sadíìnì pẹrẹsẹ, ìyẹn di abẹ iwájú tó fi ń wọ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi róbótó tí wọ́n ń wé òwú ìránṣọ sí, èyí tá a tọrọ lọ́wọ́ télọ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ti gbó la fi ṣe ṣéènì rẹ̀, a gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ títì. Gírísì rẹ̀ bà mí láṣọ jẹ́ débi pé ìyá mi bi mí bóyá alágbẹ̀dẹ ni mo fẹ́ fẹ́. Èmi ni mo mú ọ̀dà wá, ìyókù èyí tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn iléèwé wa, aláwọ̀ ewé. Nígbà tá a kùn ún tán, ó ń dán, inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ parí. Músílíù gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Èyí ò tíì dé ogun."

La bá tú ṣéènì náà kúrò. A fi kẹrosíìnì àti eérú fọ gírísì ara rẹ̀, a pò ó mọ́ iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú àpáàdì, a rì í mọ́ ilẹ̀ tútù lẹ́yìn balùwẹ̀. Nígbà tá a wú u jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti dípẹtà, ó pupa rúsúrúsú. Ẹrẹ̀ ló wá kù, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fọ́tò dúdú àti funfun ni fọ́tò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Mo ní á pupa bí ilẹ̀ Ìtòkú. Músílíù ní rárá, á dúdú bí ti etí odò Ògùn. A jiyàn títí, ó wá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nílé. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó bi í pé, "Bàbá, ẹrẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún, ṣé pupa ni àbí dúdú?"

Bàbá wò ó. Ó dìde, ó wọlé, kò sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Músílíù padà wá bá mi. Ó ní, "Kò dáhùn." Mo ní ká po méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ náà bá ti gbẹ báyìí, ṣe ló ń ṣí bọ́ kúrò lára irin. Ohun tí ọmọ aláró lè rò la rò: a bu díẹ̀ nínú ẹ̀kọ àdìrẹ Ìyá Àgbà, a pò ó mọ́ ẹrẹ̀, a fi ìyẹ́ adìẹ ń tọ́ ọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ìyá Àgbà rí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹrẹ̀ lẹ fẹ́ pa láró ni?" Kò gba ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ wa. Mo rò pé ó mọ ẹni tá a ń ṣe é fún.

Ìrọ̀lẹ́ la gbé e fún bàbá, nígbà tó gbé kẹ́tù rẹ̀ jáde sí àgbàlá láti ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì. Músílíù gbé katapílà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì lóṣòó. Èmi sá sẹ́yìn ìkòkò. Bàbá wò ó títí. Ó na ìka kan, ó fi kan ẹrẹ̀ ara ṣéènì náà. Ó wá gbé kẹ́tù, ó sì da omi sórí iṣẹ́ wa.

Músílíù pariwo, ó ń sunkún, nítorí ẹ̀kọ àdìrẹ kì í ta ko omi, ẹrẹ̀ náà sì ń ṣàn lọ. Bàbá kò dúró. Ṣéènì ọ̀tún ló kọ́kọ́ fọ̀, ó ń ti ìka tó kéré jù bọ àárín oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó mọ́, ó bọ́ sí ti òsì. Ọmọ onígbàgbọ́ ni mí, n kò mọ ohun tí mò ń wò. Músílíù mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ló ń rí bàbá rẹ̀ tó ń fọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kó tó kọjú sí Ọlọ́run, ọ̀tún kó tó kan òsì, àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹkún rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Bàbá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ṣéènì náà ló ń bá sọ ọ́. Ó ní, "Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló máa ń há síbẹ̀."

Omi kẹ́tù tán. Ó gbé e síwájú láìbojú wo ẹnikẹ́ni.

"Músílíù, bu omi sí i."

Músílíù já kẹ́tù gbà, ó sáré lọ sídìí àmù bó ṣe máa ń sáré lọ sí ìkóríta. Àwọn méjèèjì jọ fọ ìyókù. Nígbà tó mọ́ tán, bàbá ní kó lọ gba àdí lọ́wọ́ ìyá òun, wọ́n fi pa ṣéènì náà kí ó má baà dípẹtà mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe àlùwàlá tirẹ̀. Èmi ṣì wà lẹ́yìn ìkòkò, inú mi ń bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ wa, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tí n bá gbé.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Bàbá kò wa katapílà mọ́ láyé rẹ̀. Oko ìrẹsì ló lọ dá sí ọ̀nà Ọ̀fàdà, kò sì sọ ohun tó há síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń ti oko bọ̀, ó tún ń pe Músílíù láti ìkóríta. Músílíù kò bi í léèrè ogun mọ́. Nígbà tá a ti dàgbà, ó sọ fún mi pé orúkọ òun lòun fẹ́ gbọ́, òun sì ti gbọ́ ọ.

Ìtòkú ti di ilé alájà báyìí, àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe àdìrẹ dípò ẹ̀kọ. Músílíù kú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé nǹkan kan tí wọ́n fi àdìrẹ dì wá bá mi, ó ní ọkọ òun ló ní kí òun gbé e fún mi. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò tú u. Ó ń dùn mí jù.

Ní Sátidé yẹn ni mo ní kí Gbóyèga bá mi gbé e sílẹ̀, mo tú àdìrẹ náà, katapílà wa ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀kùn iléèwé ṣì wà lára agolo lábala lábala, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àdí pa ṣéènì rẹ̀ kò sí mọ́, ó ti dípẹtà, eruku sì ti dì sí oríkèé rẹ̀. Mo rò ó fún un bí mo ṣe rò ó fún yín. Ó gbé e sítòsí ojú, ó fi wé tirẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìpẹtà gidi nìyí, ohun tí mò ń fi ọ̀dà wá láti ìgbà tí mo ti dé."

Mo ní ọ̀dà ni tirẹ̀, kò ṣeé fọ̀, kó máa ṣe tirẹ̀ lọ. Mo gbé kẹ́tù tíì mi wá láti kíṣìnì, mo mú kànrìnkàn, mo sì gbé katapílà Músílíù sínú abọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Orúnkún ń ro mí, omijé sì ń bọ́, n kò nù ún. Kí n tó dé òsì, omi tán, mo na kẹ́tù sẹ́yìn.

"Gbóyèga, bu omi sí i."