Agbo Igi Àkànó

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi yẹn o, Mùtíù. Omi ò tíì sá."

Ohun tí Àkànó sọ kẹ́yìn fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn takisí tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Mùtíù di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, Bọ́dúndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, di tòsì. Ikọ́ ò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí takisí tó já sí Palmgrove, ó ti dákẹ́. Wọ́n yí padà. Oòrùn ọjọ́ náà ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi sin ín.

Apẹja ni Àkànó. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi kú. Kò ga, kò sanra, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tó bá jí láàárọ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Á kọ́kọ́ lọ sí etí omi, á ki ọ̀pá ìtukọ̀ bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á wo ibi tí omi tutù dé lára ọ̀pá. Ìgbà yẹn ló tó ń wí pé ẹ káàárọ̀. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní omi ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ Mùtíù. Bó bá mú ọ̀bọ̀kún wálé, Mùtíù ni yóò jẹ ẹ́. Òun á máa họ epìyà tó kún fún eegun. Ó ní eegun epìyà ń mú eyín òun le. Mùtíù gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò jẹ́ kí Mùtíù di apẹja. Ó ní ẹyọ ẹnì kan nínú ilé ti tó fún omi. Nígbà tí ọmọ náà sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì karùn-ún, ó mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye. Nítorí náà, Mùtíù mọ yíǹkì, ó mọ bébà. Omi ni kò mọ̀.

Ohun ìní tí Àkànó fi sílẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ọkọ̀, àwọ̀n, àti agbo igi kan láàárín ọ̀sà. Òun àti Bọ́dúndé, ẹni tí wọ́n jọ ń pín ọkọ̀ láti ìgbà èwe, ló gé ẹ̀ka igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n rì í mọ́ ẹrọ̀fọ̀ yíká bí ọgbà. Ẹja á wọ inú rẹ̀ lọ sá pamọ́, á máa jẹ ohun tó hù lára igi, á máa sanra. A kì í fọwọ́ kàn án. Bí òjò òkè bá dé, ọ̀sà á kún, iyọ̀ inú rẹ̀ á lọ. Gbéborùn, koríko tí ń léfòó, á máa ṣàn bọ̀ bí ẹní tí kò lópin. Ó di ìgbà ọyẹ́, tí omi bá sá, kí a tó fi àwọ̀n yí agbo náà ká, kí a fa igi tu lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a kó ẹja.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Ní Bajulaiye, kàlẹ́ńdà olóṣèlú ni gbogbo ẹ̀rọ ń tẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eyín funfun ni Mùtíù ń kó jọ, eyín àwọn tó wọlé ìbò. Ó ń ṣọ̀fọ̀ láàárín ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Àkànó ni Serifat pè é. Ẹja ni Serifat ń yan létí omi. Kò sí ohun tó ń kọjá lórí ọ̀sà tí kò gba ojú rẹ̀ kọjá.

"Mùtíù, ọmọ tí ń tẹ eyín olóṣèlú, wá ńbí."

"Ẹ káàsán, Àǹtí Serifat."

"Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ṣì dojú délẹ̀, àbí?"

"Ó dojú délẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé."

"Ẹn ẹn. Ta wá ni mo rí nídìí igi yín láàárọ̀?"

"Ta ni?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹja ni mò ń yan, mi ò yan èèyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ pé Bọ́dúndé ni, mi ò ní jiyàn. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló wà. Tapólì ló fi bo ẹrù inú ẹ̀. Ẹrù náà wúwo débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọkọ̀."

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rinlẹ̀ rèé. Létí omi yẹn, bí apẹja bá kú, wọ́n á dojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń pín ọkọ̀ ò ní tẹ omi títí wọn ó fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti ja òkú lólè nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í ṣe é.

Ìfura loògùn àgbà, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ iye tí a ń lò. Mùtíù lò ó jù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń dún létí rẹ̀: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ta? Àwọn mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu takisí yẹn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Ó lọ sí etí omi, ó fọwọ́ bo iwájú orí, ó wo ọ̀ọ́kán. Àwọn igi Àkànó tó máa ń yọ sókè bí ọmọdé tó dìde dúró ti kúrú; orí wọn nìkan ló kù. Láàárín wọn, igi tuntun kan, òmíràn, òmíràn, wọ́n ga, èèpo wọn ṣì tutù. "Ó ti gé tiwa," ni Mùtíù wí sínú. "Ó ti ń ri tirẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, á ní baba òun ló ni ibẹ̀."

Níbi fídáù, ojú rẹ̀ ò kúrò lára Bọ́dúndé. Bọ́dúndé pẹ́ dé. Kò jẹun. Àlùfáà ń ṣàdúà, òun ń wo ọ̀nà omi. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ló họ.

"Bùrọ̀dá, kí ló ya yín lọ́wọ́ báyìí?"

"Igi ni."

"Igi wo?"

"Igi ni igi ń jẹ́, Mùtíù. Jẹun."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dojú ọkọ̀ sókè. Àjẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń tukọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, àjẹ̀ Àkànó àti àjẹ̀ Bọ́dúndé. Ẹni tí a bá jọ ń pín ọkọ̀ kì í gbé àjẹ̀ tirẹ̀ lọ sílé.

"Bùrọ̀dá Bọ́dúndé, ẹ jẹ́ ká lọ kó ẹja lónìí."

"Lónìí kẹ̀? Omi ṣì ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀."

"Ẹsẹ̀ àwọ̀n ò ní kanlẹ̀."

"Àbí ẹja ni ò sí níbẹ̀ mọ́?"

Bọ́dúndé yíjú sí ọ̀sà. Ó tutọ́ sómi.

"Gbé àwọ̀n," ló wí.

Wọ́n tu ọkọ̀ débẹ̀. Wọ́n ta àwọ̀n yí agbo náà ká. Mùtíù bọ́ sómi. Ibi tí omi kì í kọjá ìbàdí nígbà ọyẹ́, ó dé e lọ́rùn. Ó ń fa igi tu, ó ń jù ú sẹ́yìn. Bọ́dúndé ń fa tirẹ̀ lápá kejì. Ìdajì agbo ti lọ kí wọ́n tó fa àwọ̀n jọ. Epìyà kéékèèké mélòó kan ló ń ta pọ́núpọ́nú nínú rẹ̀.

"Ẹja dà?"

"Mo sọ fún ẹ."

"Mo ní ẹja dà? Kí lẹ fi tapólì bò lọ́jọ́ kẹta? Ṣé ẹ rò pé wọn ò rí yín ni? Ẹ jí ẹrù òkú! Olè ni yín, bùrọ̀dá!"

Bọ́dúndé ò pariwo.

"Fi ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀ àwọ̀n."

"Kí n fẹsẹ̀ wá kí ni?"

"Fẹsẹ̀ wá a."

Mùtíù nasẹ̀. Ó bá eteetí àwọ̀n níbi orúnkún rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, omi lásán ni títí dé ẹrọ̀fọ̀. Bó ṣe dúró báyẹn, nǹkan kan yọ̀ kọjá lára ojúgun rẹ̀. Ó sanra, ó tutù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀bọ̀kún. Wọ́n ń gba abẹ́ àwọ̀n jáde bí ẹni tó ń kúrò ní mọ́ṣáláṣí.

Igi kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Igi méjì ni. Èyí tó ti gbó ni ti Àkànó. Tuntun tó ga ni wọ́n dè mọ́ ọn. Tapólì ni wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ fi dè é. Ó wo èkejì, bákan náà. Apá ibi tí gbéborùn ti ń ṣàn bọ̀ ni gbogbo wọn wà.

"Gbéborùn ti dé Ọ̀wọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹta yẹn," ni Bọ́dúndé wí. "Omi ti fẹ́ bo igi mọ́lẹ̀. Tí mo bá dúró de fídáù, gbogbo ẹ̀ ni gbéborùn ì bá wọ́ lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ pé mo tẹ omi kí ọjọ́ Àkànó tó pé? Ta ni màá sọ ọ́ fún? Serifat?"

Gbéborùn ti ń gba ojú ibi tí igi ti ṣí wọlé. Wọ́n gbìyànjú láti ri díẹ̀ padà. Omi jìn jù, ẹrọ̀fọ̀ ò mú un. Èyí tí wọ́n rì ń dìde, ó ń bá koríko lọ. Nígbà tó yá, Bọ́dúndé dáwọ́ dúró.

Serifat dìde bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ rí nǹkan kó?"

Bọ́dúndé sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé e lé èjìká.

"Bùrọ̀dá, ẹ má gbé e lọ. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ gbé e padà síbẹ̀."

"Orí omi ẹ̀gbọ́n ẹ lo ti pè mí lólè, Mùtíù. Ilé kọ́."

Ó lọ. Àwọn tó rí i lẹ́yìn náà sọ pé apá Ọ̀wọ̀rọ̀ ló ti ń pẹja báyìí, òun nìkan.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Kí Mùtíù tó lọ síbi iṣẹ́ ní Bajulaiye, ó yà sétí omi. Ó ki ọ̀pá bọ omi, ó yọ ọ́, ó wo ibi tó tutù dé. Omi tún ti gòkè díẹ̀ sí i. Òjò ti kún inú ọkọ̀, àjẹ̀ kan ṣoṣo ń léfòó nínú rẹ̀. Mùtíù ká ṣòkòtò, ó wọlé, ó mú kẹ́gì tí Àkànó gé lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n omi náà dànù.