Èdè Tó Ṣẹ́kù Lẹ́nu Raghavan

Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ Raghavan. Gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ní Stafford, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ló mọ̀ pé bí àwọn oníbàárà láti ilé-iṣẹ́ epo bá fajú ro, tí ìpàdé fẹ́ dìjà, Raghavan ni wọ́n ń sáré pè. Kì í pariwo. Á fa àga, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, á dápàárá kan, kó tó pẹ́, ẹni tó wá jà á ti máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọládọ̀tun, olórí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀, a máa sọ pé òun lòun ń kọ́ ilé, ṣùgbọ́n Raghavan ló ń mú kí àlejò wọlé.

Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Coimbatore, ní gúúsù Índíà, ni wọ́n bí Raghavan sí; ọmọ Ìkìrun ni Ọládọ̀tun. Yunifásítì ló kó wọn pàdé ní Houston, tí wọ́n jọ ń gbé apartment kan lẹ́bàá òpópónà Bissonnet, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ooru bá mú jù. Raghavan ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ àwọn ará Índíà kan ní Hillcroft, ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á máa fi èdè Támílì rojọ́, á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Amma" ló ń pe ìyá náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ọládọ̀tun mọ̀ nínú èdè ọ̀hún nìyẹn.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe, èyí tó ń ṣọ́ páìpù epo láti ọ̀nà jíjìn, tó sì ń kìlọ̀ bí ọ̀kan bá fẹ́ jò. Raghavan di ọ̀gá àgbà. Ó fẹ́ Denise, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí àdúgbò Third Ward ní Houston, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Meera. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn ní Cinco Ranch. Bí Ọládọ̀tun bá bi í pé kí ló dé tí kò kọ́ ọmọ ní Támílì, èsì rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni Zion, ọmọ tìrẹ, mọ̀ ju 'ẹ káàárọ̀' lọ?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdéhùn tó tóbi jù lọ ni ìyá Raghavan kú. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Sísun ni wọ́n ń sun ún, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ń tanná sí i. Murali, àbúrò rẹ̀, pè é láti Coimbatore pé àwọn ti tẹ́ ìyá sórí yìnyín, àwọn á dúró títí yóò fi dé.

"Máa lọ," Ọládọ̀tun wí fún un. "Iṣẹ́ ò ní sá lọ."

"Á sá lọ, Dọ̀tun. Àwọn èèyàn yìí ò ní dúró dè wá. Á yé ìyá mi."

Ó pe àbúrò rẹ̀ padà pé kí wọ́n má dúró de òun. Murali ló tanná sí ìyá wọn, láti ọjọ́ náà ni kò sì gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Àdéhùn bọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ gbèrú, Raghavan ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Àmọ́ bí Ọládọ̀tun bá ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ́fíìsì, Raghavan á rọra dìde, á jáde.

Jẹjẹrẹ ló mú Denise lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni rọpárọsẹ̀ kọlu Raghavan fúnra rẹ̀, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wò wọ́n yíká bí ẹni tí wọ́n ja nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣubú.

Kò kú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wuruwuru, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Dókítà ní ọpọlọ tó fara gbọgbẹ́ ló ń da ọ̀rọ̀ rú bẹ́ẹ̀, pé kò nítumọ̀. Meera gbà á gbọ́. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dallas sílẹ̀, ó wá ń tọ́jú bàbá rẹ̀. Láràárọ̀, Raghavan á ní dandan àfi kí wọ́n wọ bàtà fún òun. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, á máa nawọ́ síta, á máa sọ̀rọ̀. Meera rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ gbà. Á tì í yí adágún àdúgbò wọn po. Bí wọ́n bá sì ti kọjú sílé, bàbá á bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Ọládọ̀tun wá kí i, ó jókòó tì í, ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wuruwuru náà. Àfi bí ara Ọládọ̀tun ṣe ta.

"Meera, dádì ẹ ò sọ ìsọkúsọ o. Ìyá wọn ni wọ́n ń dárúkọ yẹn."

"Uncle, dókítà ní..."

"Mo gbọ́ ti dókítà. Etí tèmi náà gbọ́ 'Amma'."

Ní Pearland tí Ọládọ̀tun ń gbé, aládùúgbò rẹ̀ kan wà, Màmá Kamala, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbọ́ Támílì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló gbé wọn wá. Màmá fà sún mọ́ Raghavan, wọ́n fi èdè rẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di ọwọ́ wọn mú. Ó sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò dúró nù ún. Màmá Kamala ń mirí, omi ń bọ́ lójú wọn.

"Kí ni dádì mi ń sọ, ma?" Meera béèrè.

"Ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn látọjọ́ yìí." Màmá fi etí aṣọ sárì wọn nu ojú. "Ó ní ìyá òun kú. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí yìnyín, àbúrò òun ń dúró. Ó ń bẹ̀ yín, ẹ gbé òun lọ sí airport."

Meera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Gbogbo òwúrọ̀ tó ti tì í yí omi po ló ń padà wá bá a.

Dókítà ò gbà kí Raghavan wọ ọkọ̀ òfurufú. Màmá Kamala rọra ṣàlàyé fún un pé ìyá ti lọ tipẹ́, ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ó ti gbàgbé, ó tún ń béèrè bàtà. Ojú Meera ò gbà á mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Ọládọ̀tun àti Màmá Kamala, ó sì pe Murali lójú wọn.

"Ọmọ Raghavan ni mí," ó wí. Ó rojọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni Murali ní, "Gbé fóònù sí i létí."

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sọ̀rọ̀. Màmá Kamala túmọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Ọládọ̀tun.

"Ó ní kó fara balẹ̀. Ó ní àwọn ò tíì gbé ìyá jáde, pé àwọn ń dúró dè é."

Raghavan mí kanlẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kí wọ́n bọ́ bàtà òun.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni Murali ń pè láti wá pa irọ́ kan náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tó dé, rọpárọsẹ̀ tún padà wá. Raghavan ò jí mọ́.

Ọládọ̀tun ló gbé Meera lọ sí airport, eérú òkú bàbá rẹ̀ tó ń gbé lọ sí Coimbatore wà nínú àpò lórí itan rẹ̀. Wọ́n ti wà lórí Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, kí Meera tó sọ̀rọ̀.

"Uncle, kí ni màá máa bá wọn sọ níbẹ̀?"

"Murali gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ọládọ̀tun mú u dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kó gbé àpò náà sórí ẹ̀rọ. Meera fún un mọ́ àyà, kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà wo ojú rẹ̀, ó juwọ́ sí àwọn tó wà lẹ́yìn kí wọ́n máa kọjá. Ọládọ̀tun dúró lẹ́yìn okùn, ó ń wò ó, títí Meera fi rọra gbé àpò náà kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ.