Orúkọ Tí Mùlíkátù Kò Béèrè

Bí ẹ bá ń wá Mùlíkátù ní Lásùnwọ̀n, nínú Ìkòròdú, ẹ má wulẹ̀ ṣe àpèjúwe gígùn. Ẹ ṣáà ní ọmọ Ìsẹ́yìn tó máa ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ọdún kẹfà rèé tó ti gba yàrá níbẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan ládùúgbò tí kò tí ì súre fún ìyá tó bí i. Ìyá yẹn ló tẹnu mọ́ ọn láti kékeré pé ọmọ gidi kì í wo àgbà lójú, kì í sì í da ìbéèrè bo àgbà bí ọlọ́pàá. Mùlíkátù gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ohun tó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ní Ìkòròdú. Bí kíndìnrín ènìyàn bá bàjẹ́, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fún un ní ọ̀kan, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara àwọn méjèèjì bára mu. Gbogbo wa la ní àmì lára sẹ́ẹ̀lì wa, bí àwọn baba wa ṣe ní ilà lójú, àmì yìí ni ara sì fi ń mọ ẹni tirẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Áńtíbọ́dì, èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ àmì tó bá bá a mu, ni wọ́n fi ń wá àmì náà. Láti ara ìran sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń mú un jáde, kò sì yẹ kó mú ju àmì kan ṣoṣo lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n fi ń gba èyí gbọ́. Kí ìgò áńtíbọ́dì kan tó jáde fún lílò, Mùlíkátù gbọ́dọ̀ dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì àwọn ènìyàn tí wọ́n ti mọ àmì ara wọn dájú. Yóò fi áńtíbọ́dì sí i, yóò bu omi ẹ̀jẹ̀ ehoro lé e, yóò wá kán aró sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí áńtíbọ́dì bá mú yóò kú, aró yóò sì wọ inú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní àmì náà yóò wà láàyè.

Àmì kan wà tó ṣọ̀wọ́n. Nínú ogún ènìyàn tó ń fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ẹni méjì péré ló ní in, ọ̀kan sì ti kó lọ sí Kánádà. Ó wá ku Bàbá Bísíríyù nìkan, apẹja àtijọ́ kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Benjamin ló máa ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ Benjamin ń gbéyàwó lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì rán Mùlíkátù. Ìwé iṣẹ́ tó mú dání sọ ọ́ kedere pé ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.

Nígbà tó dé ilé náà ní Ẹ̀pẹ́, ó bá bàbá arúgbó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Láti Ìkòròdú ni mo ti wá, ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbà."

"Mo ti ń retí yín láti àárọ̀," ni bàbá wí, ó sì ti na apá sílẹ̀.

Mùlíkátù wo irùngbọ̀n funfun náà, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò bi irú bàbá báyìí pé kí lorúkọ yín? Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó kọ "Bísíríyù" sára ìgò. Bàbá súre fún un, ó sì fún un ní ẹja gbígbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó dán áńtíbọ́dì tuntun wò, èyí tó yẹ kó mú àmì tó ṣọ̀wọ́n yẹn. Nígbà tó fi maikirosíkópù wò ó, kò sí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì bàbá Ẹ̀pẹ́ kan tó kú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ló rí. Áńtíbọ́dì ti bàjẹ́ nìyẹn, ó wí nínú ara rẹ̀. Ọláòtán, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Afọlábí, ló ń tọ́jú fírísà tí wọ́n ń kó áńtíbọ́dì sí. Mùlíkátù bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé wọ́n jẹ́ kí fírísà yọ́. Màdámù Jọláolúwa, ọ̀gá wọn, kà á. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ìgò náà sọ́tọ̀, kí Bàbá Afọlábí sì lọ jókòó sílé ná. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà ti ń ṣọ́ fírísà yẹn. Ó mú fúláàsì oúnjẹ rẹ̀, ó sì dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù dún, Mùlíkátù sì gbé e.

"Bísíríyù ni o, láti Ẹ̀pẹ́. Ara mi ti yá. Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá, ni mo bá ní kí Kabir, àbúrò mi, bá mi jókòó dè yín. Ìyá kan, bàbá kan ni wá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni. Ó ní ọmọbìnrin tó wá yẹn kọ́ ẹ̀kọ́ ilé gan-an. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Ìtìjú bo Mùlíkátù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ìyá kan náà tí ara wọn kò bára mu ń wá sọ́dọ̀ wọn! Áńtíbọ́dì kò ṣe àṣìṣe kankan. Wọ́n bi áńtíbọ́dì bóyá àmì ara Bísíríyù wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó ní kò sí. Ẹni tó lọ dé Ẹ̀pẹ́ ni kò béèrè.

Ẹ rò pé ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi gbé e mì. Kò lè wo àga Bàbá Afọlábí. Lọ́jọ́ kẹta, ó pàdé bàbá náà gan-an ní Lásùnwọ̀n.

"Mùlíká, kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa ni gbogbo wọn wà?"

Mùlíkátù kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àwọn tó ń kọjá sì ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ìkúnlẹ̀ tí kò tì í lójú rí láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ tì í lójú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Bàbá méjì ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, irùngbọ̀n kan náà, iwájú orí kan náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sà. Kí lorúkọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Kabir yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọmọ tí mo ń yìn fún yín nìyí?"

Síbẹ̀ wọ́n dáhùn, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tó fi áńtíbọ́dì inú ìgò tí wọ́n kó sọ́tọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe, sẹ́ẹ̀lì Bísíríyù ti kú pátá, aró ti wọ̀ wọ́n. Ti Kabir wà láàyè. Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ba orúkọ ẹnìkan jẹ́.

Ó lè kàn sọ pé òun tún un dán wò, ó sì dára. Kò sẹ́ni tí yóò wádìí rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ ọ́ tán, títí kan ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Màdámù kò pariwo.

"Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ tó ní kí o béèrè, Mùlíkátù."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Èmi náà kò wádìí kí n tó lé bàbá yẹn lọ sílé. N ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ."

Bàbá Afọlábí ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo nígbà tí Mùlíkátù dé ilé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán pátá, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ti bàbá Ẹ̀pẹ́ yẹn yé mi," ó ní. "Àgbà ni, ojú tì ọ́ láti bi í lórúkọ. Èmi ńkọ́? Inú yàrá kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. O kọ ọ́ pé fírísà yọ́, o ò bi mí."

"Mo rò pé tí mo bá bi yín, ẹ máa sọ pé mò ń fẹ̀sùn kàn yín ni sà."

"Kíkọ ọ́ sínú ìwé wá rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Mùlíkátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo bàbá náà lójú tààrà.

"Bàbá Afọlábí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé fírísà yẹn yọ́?"

"Kò yọ́," ni bàbá wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.